Wáyà Tí Akínbíyìí So Mọ́ Ara Mọ́tò

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu tẹ́ ẹ: Akínbíyìí kì í ṣe òpùrọ́. Lọ́dún 1967, bí ẹ bá béèrè rẹwáyà tó ṣeé fọkàn tán ní gbogbo Diobu, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn á júwe fún yín. Bó bá ní bátìrì yín ti kú, ó kú náà nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ gbé e kiri mọ́. Bàbá rẹ̀ ló tẹ̀lé iṣẹ́ rélùwéè wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Port Harcourt ló bí i sí, Port Harcourt náà ni wọ́n sin bàbá ọ̀hún sí. Yorùbá tó ń sọ, inú yàrá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bó bá ti yọ ẹsẹ̀ sí ìta, Pidgin ló kù. Ó fẹ́ ọmọ Kalabari kan tó ń jẹ́ Ibiere, obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dún dé òpópónà kejì. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun àwọn méjèèjì: ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ò dé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Augustine, ọmọ Ígbò, mẹkáníìkì. Abẹ́ páànù kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Augustine lórí ẹ́ńjìnnì, Akínbíyìí nídìí wáyà. Bí mọ́tò bá dé, wọn á kọ́kọ́ bú ara wọn dáadáa. "Wáyà rẹ ló bàjẹ́ o, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mi sinmi!" "Ẹ́ńjìnnì rẹ ló ti darúgbó, má kó bá wáyà mi!" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán.

Augustine ní Ópẹ̀lì àtijọ́ kan, aláwọ̀ ewé, tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó fẹ́ràn mọ́tò yẹn débi pé ìyàwó rẹ̀ ń jowú rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn dírẹ́bà ti kú pátápátá, èyí kì í sì í jẹ́ kí ọkàn Augustine balẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ó mọ ohun tí ooru ń fojú ẹ́ńjìnnì rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, Akínbíyìí yọ irin tó ń gbọ́ ooru lára lọ́rì kan tó ti dẹnu kọlẹ̀, ó ní òun á fi bá a tún un ṣe.

Irin náà ò ju àtàǹpàkò lọ. Orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń dè é mọ́, níbi tí omi gbígbóná ti ń kọjá, wáyà kan ṣoṣo ló sì ń ti ìdí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ abẹ́rẹ́. Omi gbóná, abẹ́rẹ́ a gòkè lọ síbi pupa. Omi tutù, abẹ́rẹ́ a sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ò le. Akínbíyìí ha ìpẹtà kúrò níbi tí irin yóò jókòó sí, ó dè é pinpin, ó fa wáyà náà gba ẹ̀gbẹ́ kan tí ooru ò ti ní jó o, ó so ó. Ṣùgbọ́n kó tó so ó, ó fẹ́ fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ẹnu wáyà kan irin ara mọ́tò lásán, abẹ́rẹ́ sì fò fìì dé ibi pupa, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù. "Chineke!" Augustine di orí mú, ó rò pé ẹ́ńjìnnì òun ti lọ. Ibiere tó gbé oúnjẹ wá fún wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Akin, so this thing sabi lie like this?"

"Bí wáyà ò bá sí níbi tó yẹ kó wà, á purọ́ dáadáa," ni Akínbíyìí wí.

Ogun wá dé. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ti ń kó ẹrù wọn lọ kí ìbọn tó dún, wọ́n ní kí àlejò fi ìlú sílẹ̀. Akínbíyìí ò lọ. Ibo ló fẹ́ lọ? Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ̀ rí? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn lọ́wọ́ wá sí abẹ́ páànù náà, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé Yorùbá kan wà níbẹ̀. Augustine ló dìde, tòun ti epo dúdú lọ́wọ́. "Yorùbá bí ti báwo? Asaba ni ilé ìyá èèyàn yìí. Ìyá rẹ̀ àti ìyá tó bí mi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n." Wọ́n ní kó búra. Ó fi orúkọ Màríà Mímọ́ búra, Augustine tí kì í pa ìsìn jẹ! Wọ́n wò ó, wọ́n wo Akínbíyìí, wọ́n lọ. Ọjọ́ Sátidé, Augustine lọ jẹ́wọ́ irọ́ náà fún fádà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́ títí ayé.

Ẹni tó fi ẹ̀mí tirẹ̀ wewu kí ìwọ má bàa kú, kí lo fẹ́ fi san án? Akínbíyìí ò rí nǹkan kan tó tó o.

Nígbà tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ fẹ́ wọ Port Harcourt lóṣù Karùn-ún ọdún 1968, tí ìbọn ńláńlá ń mi ilẹ̀, ó yí kan Augustine láti sá. Pẹtiróòlù tó máa gbé mọ́tò jìnnà ò sí, ọ̀nà sì kún fọ́fọ́ débi pé kẹ̀kẹ́ gan-an ò ráyè. Ẹsẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi rìn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lápò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ Akínbíyìí lọ́wọ́.

"Akin, bá mi wo mọ́tò yìí. Mo ń bọ̀."

"Ìgbàkígbà tó o bá dé, wàá bá mọ́tò rẹ," ni Akínbíyìí dá a lóhùn. Àtọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di ẹrù lórí rẹ̀.

Ó fi ìwọ̀nba pẹtiróòlù tó kù wa mọ́tò lọ sí Eliozu, níbi tí òun àti Ibiere gba yàrá kan sí lẹ́yìn ìlú, lọ́dọ̀ obìnrin opó kan tó ń jẹ́ Cecilia. Ó fi màrìwò bò ó. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi màrìwò tan sójà? Gbogbo mọ́tò tó bá ti ń rìn ni wọ́n ń gbà. Akínbíyìí jókòó ti Ópẹ̀lì náà, ó ń rò ó, ó ń tú u, títí yẹ̀yẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ọjọ́sí fi sọ sí i lọ́kàn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú wáyà kúrò lórí irin tó ń gbọ́ ooru, ó so ó mọ́ bóòtù kan, irin tó ń de nǹkan mọ́ra, lára mọ́tò, níbi tó pamọ́. Ẹni tó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ á fò wọ pupa. Ó tún rò pé mẹkáníìkì sójà lè má gba abẹ́rẹ́ nìkan gbọ́, ló bá da ọ́ìlì sínú omi rédíétọ̀, kí ẹni tó bá ṣí i lè gbà pé ẹ́ńjìnnì ti jó nínú. Ó ní fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni.

Háà, Akínbíyìí! Ọ́ìlì nínú omi! Ẹni tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan nídìí iṣẹ́ mọ́tò mọ̀ pé ọ́ìlì àti rọ́bà ò gbọdọ̀ jọ sùn, pé díẹ̀díẹ̀ ni ọ́ìlì ń jẹ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ro iṣẹ́ dópin.

Àwọn sójà dé lóòótọ́, kọ́púrà kan ló ṣáájú wọn. "Who get this motor?" Akínbíyìí gbọ́ ohùn yẹn, ó mọ ibi tó ti wá. "Èmi ni, ọ̀gá," ló fi Yorùbá dáhùn.

Ojú kọ́púrà náà tàn yòò. "Yééè! Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Yorùbá ni yín? Kí lẹ wá ṣe nínú igbó yìí?"

"Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí."

"Wahab lorúkọ mi, ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí mi ní 'ẹ kú iṣẹ́' kẹ́yìn." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. "Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n, àṣẹ ni. A nílò mọ́tò." Ó yí kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ fò wọ pupa. Ó ṣí rédíétọ̀, ó rí ọ́ìlì tó léfòó sórí omi. Ó pòṣé. "Kí la fẹ́ fi òkú mọ́tò ṣe? Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àdánù ńlá ni."

Bí mọ́tò Augustine ṣe yè nìyẹn. Ṣùgbọ́n Wahab ò lọ lọ títí. Ó ń yà wá sọ Yorùbá, ó ń jẹ ọbẹ̀ ẹja Ibiere, ó ń gbé mílíìkì alágolo wá fún un. Bó bá ti ń wọlé ni yóò máa ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, òkú yín ò tíì jí?" Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, Akínbíyìí á sì gbé ojú sílẹ̀. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹni tó purọ́ fún sójà lásìkò ogun, Ọlọ́run ló mọ ibi tí ilẹ̀ á mọ́ ọn sí. Torí ẹ̀ ni kò fi lè da omi ọlọ́ìlì yẹn nù, kò sì lè dá wáyà padà. Ọjọ́ díẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún.

Ní ọdún 1969, nínú gbogbo wàhálà yẹn, Ibiere lóyún. Bẹ́ẹ̀ ni o, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n fi wojú Olúwa! Inú Akínbíyìí dùn débi pé ó ń bá ikùn ìyàwó rẹ̀ sọ Yorùbá ní gbogbo àárọ̀. Ibiere á ní, "E no go hear am, na Kalabari pikin." Nígbà tí oyún náà wọ oṣù rẹ̀, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Akin, tún wáyà yẹn so kí n tó bímọ. Bí ọjọ́ bá pé, mọ́tò yẹn la máa gùn." Akínbíyìí ní ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan, abẹ́rẹ́ nìkan ló ń parọ́, òun á sì tún un so lọ́jọ́ tí Augustine bá dé.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ó rọbí. Cecilia, ìyá onílé wọn, ti gbẹ̀bí rí. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó yọ Akínbíyìí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ẹsẹ̀ ni ọmọ yìí fẹ́ fi wáyé, agbára òun ò ká a, ọsibítù ni. Wọ́n gbé Ibiere sẹ́yìn mọ́tò, Cecilia jókòó tì í. Akínbíyìí bu omi kún rédíétọ̀, ó da pẹtiróòlù díẹ̀ tó ti ń tọ́jú de ọjọ́ yìí sínú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ fò wọ pupa bó ṣe kọ́ ọ. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibùdó sójà wà lójú ọ̀nà ní Rumuigbo, bí wọ́n bá sì rí Ópẹ̀lì tí ara rẹ̀ le koko, wọ́n á gbà á. Pupa náà ni ìwé àṣẹ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà ò dára, ẹrẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Rumuigbo, rọ́bà tí ọ́ìlì ti jẹ láti ọdún tó kọjá ti ya lábẹ́, omi ń ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀ sínú òjò. Kò sẹ́ni tó rí i. Bí wáyà yẹn bá wà níbi tó yẹ kó wà, pupa náà ni abẹ́rẹ́ ì bá máa gùn lọ.

Wahab ló dá wọn dúró. Ó tẹ̀ wọnú mọ́tò wò, ó rí Ibiere, ojú rẹ̀ yí padà. Ó rí abẹ́rẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, òkú ti jí? Ẹ wo abẹ́rẹ́ yín kẹ̀! Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní gbé yín dé ọsibítù o."

"Mo fi ọgbọ́n jí i fún tòní ni. Á gbé wa débẹ̀."

"Rárá o. Lánróofà wa nìyí, ìlú ló ń lọ báyìí. Ẹ jẹ́ ká gbé aya yín sínú ẹ̀, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa, mẹkáníìkì wa á bá yín wò ó."

Mẹkáníìkì wọn! Ìṣẹ́jú kan ni ìyẹn máa fi rí wáyà lára bóòtù. Mọ́tò Augustine á lọ, irọ́ ọdún kan á sì tú sójú Wahab. Akínbíyìí mi orí. Ṣebí òun ló so wáyà ọ̀hún fúnra rẹ̀, ta ló fẹ́ sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì gbóná? "A dúpẹ́, arákùnrin mi. Ó máa débẹ̀."

Ibiere gbé orí sókè láti ẹ̀yìn. Òógùn bò ó lójú. "Akin," ló wí, "Akin, abeg, make we follow them."

"Má mikàn, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé," ni Akínbíyìí wí, ó sì tẹ iná mọ́tò.

Kò pẹ́ tí Lánróofà náà fi yà wọ́n sílẹ̀, ó ta omi ẹrẹ̀ sí wọn lára, dírẹ́bà rẹ̀ juwọ́ sí wọn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ó lé ti Akínbíyìí bá lójú ọ̀nà Rumuigbo, ó jókòó síwájú rẹ̀ gbangba, kò dá a mọ̀. Gbogbo ẹni tó rí abẹ́rẹ́ yẹn láàárọ̀ náà ló gbà á gbọ́, àfi ẹni tó so wáyà rẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó nọ́ọ̀kì, ó kú. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e, òjò nìkan ló ń dún nínú rẹ̀. Akínbíyìí bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín bò ó lójú. Ó fọwọ́ kan rọ́bà náà, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tútù. Ìgbà yẹn ló yé e. Ó figbe ta. Ó sáré sí òsì, ó sáré sí ọ̀tún, kò sí mọ́tò, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí èèyàn. Ẹ̀yìn mọ́tò níbẹ̀ ni ọmọ ti wáyé, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, Cecilia sì gbà á. Ọmọ ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá ò dá. Kí àwọn kan tó yọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, tí wọ́n fi ọmọlanke gbé Ibiere dé ọsibítù ní Diobu, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù nínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti bẹ̀ ẹ́ ní Rumuigbo.

Wahab wá kí i. Sójà ni, ojú rẹ̀ ti rí òkú, síbẹ̀ ó sunkún bí ọmọdé. "Ṣebí mo sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n," ló ń wí ṣáá, "ṣebí mo sọ fún yín." Akínbíyìí fẹ́ jẹ́wọ́ fún un, ó sì pa á mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé àwọn Wahab lọ sí ojú ogun mìíràn, kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìgè ni Yorùbá ń pe ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé. Ìgè náà ló sọ ọmọbìnrin ọ̀hún, ó fi Àtinúkẹ́ kún un. Ó ti mọ́tò náà padà sí abẹ́ páànù ní Diobu, ó sì ń fi ọmọ sẹ́yìn ṣiṣẹ́, tí àwọn èèyàn fi ń yà wò ó. Mọ́tò yòówù tó bá wọlé, ì báà jẹ́ gílóòbù iná ni wọ́n gbé e wá fún, abẹ́rẹ́ ooru ló ń kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Ópẹ̀lì yẹn rí.

Ogun parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó gbẹ bí igi ìdáná dúró létí páànù. Augustine ni. Ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, ó ti fi í sílẹ̀ sílé àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ ara wọn. Ohun tí Augustine kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ibiere ńkọ́? Ọbẹ̀ rẹ̀ ni mo ń lá lálàá nínú igbó lọ́hùn-ún."

Akínbíyìí sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tòun ti wáyà, tòun ti ọ́ìlì, tòun ti Lánróofà. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó wá nawọ́ sí Ópẹ̀lì náà. "Mọ́tò rẹ rèé. Mo ní wàá bá a."

Augustine wo mọ́tò náà títí, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Mo ti gbàgbé rẹ̀," ló wí. "Akin, láti ọjọ́ tí mo ti kúrò níbí ni mo ti gbà pé sójà ti gbé e. Ìwọ àti Ibiere ni mò ń fi sádùúrà. Mi ò rántí mọ́tò lẹ́ẹ̀kan."

Akínbíyìí gbé ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sápá, ó rìn lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ọwọ́ kan tú wáyà kúrò lára bóòtù, ó sì so ó padà sórí irin tó ń gbọ́ ooru, níbi tó so ó sí lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn tí Ibiere rẹ́rìn-ín. Augustine gbé bátìrì wá, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ náà ò mira. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, níbi tí òtútù wà, torí kò sí ooru kankan nínú ẹ́ńjìnnì náà mọ́.

"Abeg, make we follow them," ni Akínbíyìí wí. "Ohun tí Ibiere sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn." Augustine gba ọmọ lápá rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí ọwọ́ nu ojú.